Obì Tí Mo Gbà Lórí Ẹjọ́ Làtífà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú gbogbo ẹni tí a kó tì yín lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ níbí, ní Adjamé nílùú Abidjan, bí ẹni pé ẹsẹ̀ yín ló wà níwájú mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan o, kódà ibi tí kò bá dùn yín. Mo kí ìyàwó ilé, mo kí ọmọ ilé, mo kí àwọn ará ojúlé kejì. Ojúde ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe inú yàrá, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé nípa mi, ìta gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, kó súnmọ́ tòsí.

Ẹ̀gbọ́n ló pè mí pé àwọn èèyàn Àlàájì oníkòkò wá bá yín ní Ẹjìgbò. Wọ́n ní Làtífà ọmọ mi ń gbé ọmọ ìlú wa lọ sí kóòtù nílẹ̀ àjèjì. Wọ́n ní èmi ìyá rẹ̀ ti gba obì ẹ̀bẹ̀ tán, mo tún yí padà. Wọ́n wá ń fẹ́ kí ẹ̀yin fi ẹnu ara yín pè é lórí fóònù, kó fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ ò tíì dá wọn lóhùn, ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró. Tẹnu mi rèé.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́ náà ni mo ṣì ń ṣe ní ọjà Roxy: ìkòkò, abọ́, ṣíbí, páànù ìdáná. Àsìkò òjò la wà. Tó bá ti ṣú báyìí, àwọn oníbàárà á sá wọ ọkọ̀ gbaka lọ sílé, àwa á jókòó sábẹ́ ọ̀rá, a ó máa wo ojú ara wa. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń mọ̀ pé bàbá Làtífà ti kú lóòótọ́. Èèyàn pọ̀ lọ́jà, àmọ́ ẹni tí a jọ ń ta ọjà kan náà, ta ni yóò sọ fún un pé ọjà òun kò tà?

Ẹ̀yin lẹ tọ́ Làtífà, torí náà mi ò ní ròyìn rẹ̀ fún yín bí àlejò. Kò tíì lè wọ bàtà fúnra rẹ̀ nígbà tí mo gbé e wá bá yín, ọ̀dọ̀ yín ló sì ti ka ìwé mẹ́fà kó tó padà wá. Nígbà tó dé, kò gbọ́ Faransé kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Ànàgó, wọ́n ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ọmọ náà kò sunkún, ó ń kàwé. Ó gba bac, ìwé ẹ̀rí girama tiwọn, ó wọ yunifásítì ní Cocody, ó kọ́ òfin. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò àwọn agbẹjọ́rò, ó tún un ṣe, ó yege. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ńlá kan ní Plateau, ó ń gbé fáìlì tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ọjọ́ tó búra, mo wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, aṣọ funfun kékeré lọ́rùn, ó nawọ́ ọ̀tún sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó parí. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ó ní ìyẹn náà ni, màmá. Owó aṣọ dúdú yẹn nìkan le ju owó ìsọ̀ mi lọ. Èmi ni mo san án. Nígbà tó jáde, dípò kí n dì mọ́ ọn, etí aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ pa, mo ń wo bí wọ́n ṣe rán an. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Maître, bí wọ́n ṣe ń pe agbẹjọ́rò níbí, èmi náà sì di ìyá Maître lọ́jà. Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ dá rò, ti awakọ̀ takisí wôrô-wôrô kan ni, tí ọ̀gá rẹ̀ lé láìsan ohun tó tọ́ sí i. Làtífà borí. Awakọ̀ náà kò rí owó tó tó san fún un, ó wá ń fi ọkọ̀ gbé èmi lọ sílé. Mo ní ó dára, ìyá agbẹjọ́rò náà ti ń jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun fẹ́ kúrò ní Plateau, kí òun lọ gba yàrá kan lókè ilé télọ̀ ní àdúgbò Koumassi, inú bí mi. Mo ṣírò rẹ̀ fún un: owó oṣù tó ń fi sílẹ̀, owó ilé tó fẹ́ máa san, àga, tábìlì, iná. Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní màmá, ẹ ka owó tó ń wọlé, ẹ ò ka iye tálákà tí òun ń bá olówó kọ ìwé lé jáde nínú ilé. Inú mi kò dùn, àmọ́ mi ò ṣírò mọ́.

Àwọn tó wá ń rọ́ wá sí yàrá náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ya ara wọn sínú fóònù ni, tí ayé ń wò wọ́n. Ọ̀kan ń jó, ọ̀kan ń kọ́ni ní irun dídì. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó máa ń ṣe bí ìyá ọkọ òṣónú. Ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Làtífà, òun ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó wé gèlè. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pè mí ní ìyàwó ọmọ òun, ó ní ṣé ìsìnyí ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún ìyá ọkọ. Èmi tí mo lè bí i! Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi dà sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí ẹnu sọ̀rọ̀, mo ní ọkùnrin yìí, ṣé iṣẹ́ nìyí? Ó ní màmá, ẹ ti rẹ́rìn-ín, ẹ ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Làtífà ní ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, àwọn oníṣòwò á gbé fídíò wọn lọ fi polówó ọjà, kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n léèrè. Ó ń kọ́ wọn pé kí wọ́n tó ya ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Kí wọ́n sì máa tọ́jú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà fún ẹ̀rí. Ó lọ sọ ọ́ lórí rédíò, ó lọ sọ ọ́ láàárín àwọn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ti di agbẹjọ́rò àwọn aláwàdà.

Nínú àwọn ọmọ náà ni Rosine wà. Kétu ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, akọ̀wé ni láyé òyìnbó. Ọmọbìnrin náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń fèsì. Oúnjẹ ló ń sè nínú fídíò. Ó ń se adìẹ lọ́jọ́ kan, ìdérí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Gbogbo Abidjan ló wò ó.

Àlàájì, tí gbogbo wa ń gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ tà, mú fídíò yẹn. Ó gé orúkọ ọmọ náà kúrò, ó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i, ó gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá níwájú ilé ìtajà, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo àwa tí à ń bá a tà. Èmi náà fi tà, Ìyá mi. Mo gbé fóònù mi ti ara ìkòkò, ọjà yẹn tà bí ẹni ń pín in. Mi ò béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

Rosine lọ bá Àlàájì fúnra rẹ̀. Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó ní Rosine gan-an ló yẹ kó sanwó fún òun. Ó fún un ní ìkòkò kan pé kó máa fi se nǹkan. Iléeṣẹ́ mìíràn tó ti fẹ́ gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ní àwọn kò lè lo ẹni tó ti di olùpolówó ìkòkò. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi gba ilé fún ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé ìkòkò náà wá sórí tábìlì Làtífà, ó ní owó oṣù òun rèé.

Làtífà kò fi pamọ́ fún mi. Ó wá bá mi nílé, ó ní òun mọ ibi tí mo ti ń gbọjà, àmọ́ ọmọ náà ti lọ bá àwọn agbẹjọ́rò mìíràn, wọ́n ní kó lọ wá owó wá ná, òun wá gba ẹjọ́ náà. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ra aṣọ tí a fi sin bàbá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, Àlàájì ni. Ó ní gbèsè wa nìyẹn, màmá, kì í ṣe ti Rosine.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá alága ẹgbẹ́ ọmọ Ẹjìgbò kó àwọn àgbà wá sílé mi. Wọ́n kí mi kú oríire ọmọ, wọ́n yin Làtífà, wọ́n yin ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ. Orí mi wú. Wọ́n gbé obì kalẹ̀, obì Anyama, tó tóbi, tó pọ́n. Mo gbà á, mo pa á, mo pín in kárí, mo sọ tèmi sẹ́nu. Àfi ìgbà tí mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni Bàbá alága wúkọ́, ó ní àwọn dúpẹ́ pé mo ti gba ẹ̀bẹ̀ àwọn lórí ọ̀rọ̀ Àlàájì.

Ìyá mi, èmi tí mi ò ní ra abọ́ kan láìyí ìdí rẹ̀ wò! Mo na ọwọ́ gba obì láìbéèrè obì kí ni.

Mo sáré lọ bá Làtífà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ náà kì í ṣe tòun, ti Rosine ni. Aláàárù kì í fi ẹrù ẹlẹ́rù tọrẹ. Mo wá rò ó pé kí Rosine wá síwájú ẹgbẹ́, kí àwọn àgbà dá ẹjọ́ náà. Mo padà lọ bá Bàbá alága, mo ní tí ọmọ náà bá wá, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Ó ní kì í ṣe ọmọ wa, ohun tí a bá pinnu la ó sọ fún un. Bàbá náà kò fi ìkà sọ ọ́. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí.

Mo wọ gbaka lọ sí Anyama, mo fi owó ara mi ra obì tó dára ju tiwọn lọ, mo gbé e lọ sílé Bàbá alága, mo kúnlẹ̀. Mo ní ìkíni ni mo gbà, mi ò gba ẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe tèmi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé èyí tí a ti jẹ ńkọ́, ṣé ká bì í ni? Mo ní rárá, bàbá, ìyẹn ti ṣiṣẹ́ ìkíni tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọn kò fọwọ́ kan obì náà. Mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní, mo jáde.

Àlàájì kò fún mi lọ́jà mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń fi owó ọwọ́ rà báyìí, èrè rẹ̀ sì tín-ín-rín. Àwọn obìnrin tí a jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ ń kí mi láti òkèèrè. Nígbà ikú ọkọ mi, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n dúró tì mí. Mi ò gbàgbé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé mo gbàgbé. Làtífà pàápàá ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò borí, nítorí irú ẹjọ́ yìí kò tíì pọ̀ ní kóòtù ibí. Bóyá àdánù lásán ni gbogbo rẹ̀ yóò já sí.

Wọn yóò sọ fún yín pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Rosine àti Àlàájì kò ṣọ̀rẹ́ rí.

Làtífà lè kọ̀ fún Bàbá alága. Ó ti kọ̀ fún èmi. Ó sọ fún mi pé tí ìyá àgbà bá pe òun, òun kò mọ bí òun yóò ṣe wí. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín ti tó, yóò pa fáìlì náà dé, ọmọ yẹn yóò sì gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sílé. Ta ni mo jẹ́ tí n ó pàṣẹ fún ìyá mi? Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Tí wọ́n bá tún wá, ẹ fún wọn lómi, ẹ gbọ́ tẹnu wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé ọmọ ta ni Rosine.

Tí ẹ bá sì fẹ́ pe Làtífà, n ó sọ ọjọ́ ẹjọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ pè é, kó tó wọ aṣọ dúdú rẹ̀. Kí ẹ ki oríkì rẹ̀ fún un bí ẹ ṣe máa ń ṣe tó bá ń lọ sílé ìwé, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ kankan lé e.

Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa, kí ojú yín ríran, kí ẹsẹ̀ yín le, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Mo kí gbogbo ilé, mo kí àwọn aládùúgbò, mo sì kí àwọn tí Àlàájì rán wá pàápàá: mi ò bá wọn jà.

Èmi ni ọmọ yín tó kúnlẹ̀ ní Adjamé,
Síkírá.