Àwọ̀ Bàbá Kọ́ Nìyẹn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀wọ́n gógó tí ìjọba ológun dì rù yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òtútù ti ń jẹ mí níka, tí ọ̀sẹ̀ kan sì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi bó ti yẹ.

Fíìmù fọ́tò Bàbá tí ẹ fi rán Àǹtí Rìsíkà ti dé ọwọ́ mi. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé òjò ti ba àwòrán wọn tó wà ní pálọ̀ jẹ́, àyà mi já, torí Bàbá ti lọ, a ò sì ní òmíràn. Èmi ni mo ya àwòrán náà níwájú ilé, kí àìrí bébà àti oògùn fọ́tò rà tó ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ní Ẹdẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń ka fíìmù wọ inú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá mi sì ń fi yangàn bí ẹni pé òun ló bí i. Mo fi fíìmù Bàbá sí i. Ohun tó jáde, ẹ ò ní fẹ́ rí i! Ojú wọn dà bí eérú tí wọ́n da omi sí, sányán ọrùn wọn di aró.

Mo ní àwọ̀ Bàbá kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, ó ní bí àwọn èèyàn wa ṣe ń rí nínú fọ́tò nìyẹn. Ọkùnrin tí kò rí sányán rí láyé rẹ̀, tí ojú tirẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, òun ló ń júwe ọkọ yín fún mi! Mo wò ó tòkè tilẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù lọ jẹun ọ̀sán, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo àwọ̀ inú fíìmù ló máa ń dorí kodò, dúdú á di funfun, àwọ̀ ọsàn kan á sì tún bò ó. Ẹ̀rọ wọn kàn ń méfò bó ṣe máa yọ ọ́ ni. Fìlà funfun Bàbá ni mo kọ́kọ́ mú: mo ń dín aró inú rẹ̀ kù títí ó fi funfun bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Bí fìlà ṣe bọ́ sípò, sányán padà di sányán. Ojú wọn ló pẹ́ jù. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi ń bu pupa kún un, tí mo ń dín in, kí dúdú wọn tó tàn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo sunkún.

Ẹ wá gbọ́ ìwọ̀sí. Lọ́jọ́ Ajé, mo bá Bàbá lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ti rí iṣẹ́ mi nínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ wọ́n ní ńlá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí aráyé wá wo ohun tí ẹ̀rọ òun lè ṣe. Ẹ̀rọ! Mo yọ ọ́ níṣojú àwọn oníbàárà. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń ba ọjà òun jẹ́. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ọjà. Ó ní kí n bẹ òun tàbí kí n máa lọ. Mo ká Bàbá sábẹ́ abíyá, mo jáde.

Abọ́ ni mò ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan báyìí, mi ò sì kábàámọ̀. Ẹ̀dà kékeré tí mo ti tẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ gbé e síta lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú wọn jù mí lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kó sì gbé àwọn ológun kúrò lọ́rùn wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nínú agbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
Múfútaù