Òkúta Ọgbà Màmá

Òṣòdì, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1976.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọládòṣù,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo lérò pé ara yín le, pé ìyàwó àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ara Màmá le níbí. Mo sì fẹ́ kí ó máa le bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ rántí àpò sìmẹ́ǹtì méjì tó ṣẹ́kù níbi ilé tí ẹ ń kọ́ fún Màmá ní Ìsọlọ̀. Ẹ ní kí n fi ṣe òkúta tí yóò máa tẹ̀ kọjá nínú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ níbí, kí ẹrẹ̀ má bàa gbé e ṣubú bí òjò bá dé. Mo pò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Pólì: sìmẹ́ǹtì pánù kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Mo dà á sínú abọ́ tánganran àtijọ́, mo sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Màmá tẹ ẹyọ kẹta, ó fọ́ sí méjì. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Bímpé, òkúta nìyí àbí búrẹ́dì?” Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ fún yín, ẹ ní, “Ìwé lo kà, o ò mọ sìmẹ́ǹtì. Lọ máa lọ ata rẹ, jàre.” Mo gbọ́.

Mo ra àpò tuntun. Yanrìn kan náà, omi kan náà, abọ́ kan náà, ọjọ́ méje. Mo dúró lórí èyí, mo fò, kò mira. Ìgbà náà ni mo wá yẹ àpò tiyín wò. Wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ihò òwú àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti gún sìmẹ́ǹtì tí omi bà jẹ́, ó jọ̀ ọ́, ó sì rán an padà.

Sìmẹ́ǹtì yìí kan náà ni wọ́n fi da ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Màmá yóò máa sùn lábẹ́ rẹ̀ láti Sátidé. Mo ti bi yín lẹ́ẹ̀mẹta ẹni tó kó o wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní láti èbúté ọkọ̀ òkun ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní Felix ọ̀rẹ́ yín ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bínú.

Màmá kò ní kó lọ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì náà ti bàjẹ́, ẹ mú òòlù wá sí Ìsọlọ̀ ní Sátidé, kí a jọ kan kọnkéré náà wò. Bí ẹ bá mọ̀, ẹ jókòó sílé yín. Èmi yóò fi ẹnu ara mi sọ fún Màmá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó má sì jẹ́ kí ilé wó lu ẹnikẹ́ni nínú wa.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Adébímpé.

Àfikún: Mo di ọ̀kan nínú àwọn òkúta àkọ́kọ́ náà mọ́ lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá tú u, tí ẹ sì bá yanrìn níbẹ̀, òkúta ni nígbà tí mo ń dì í.