Okùn Rẹ Ti Parí Ìjà Ààlà

Reine ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kútọnu? Ṣé omi òjò kò tíì wọ yàrá rẹ? Àwa wà ní Odomèta, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ funfun rẹ ti bí méjì, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ohun tí a kò fẹ́.

Mo ní ìròyìn ayọ̀. O mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Séidou tí oko wa jọ pààlà kò fi kí ara wa. Èmi ní oko ìdílé wa gùn tó ogún okùn láti ìdí ìrókò, bí baba mi ṣe wọ̀n ọ́n. Òun ní igba ebè ni, bí baba tirẹ̀ ṣe kà á. Èmi kì í ka ebè, òun kì í wọn okùn, kálukú ń pe ẹnìkejì ní òpùrọ́, adájọ́ sì ti dá ọjọ́ fún wa ní Kétou.

Ni mo bá rántí iṣẹ́ yunifásítì tí o ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ Àjíǹde. O ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń ka ayé ní hóró-hóró, hóró kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnìkejì tí ojú kò tíì rí. Àwọn kejì ní okùn tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ìṣirò tó bá le fún àwọn oníhóró, tí wọ́n bá gbé e fún àwọn olókùn, á rọrùn, ìdáhùn kan náà sì ni. Ìyá rẹ rò pé ebi ló ń pa ọ́. Èmi ní tèmi, ó yé mi yékéyéké: ìṣirò oko ni wọ́n ń kọ́ yín.

Mo lọ bá Séidou, mo ní, “Ọmọ mi ní okùn àti ebè kì í jà, àwa la ń jà.” Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo abúlé jáde. Mo ń na okùn lọ, òun ń ka ebè bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ogún okùn mi parí sí, òun náà ti ka ọ̀kàndínnígba. Séidou ní ọ̀kan tó kù yẹn ni ẹnìkejì tí ojú kò rí. A rẹ́rìn-ín, a gbin pèrègún síbẹ̀, mo sì sunkún nítorí rẹ. A kò lọ sọ́dọ̀ adájọ́ mọ́.

O ní àwọn ọ̀gá rẹ ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó tíì fojú rí ohun tí ẹ ń kọ́. Mo ti gé díẹ̀ lára okùn náà sínú ìwé yìí, fi hàn wọ́n. Èyí tó kù ti já, nítorí títí dé Kpankou ni wọ́n ń yá a. Jọ̀wọ́, fi owó okùn tuntun ránṣẹ́, èyí tó nípọn o, tín-ín-rín tiyín kò lè gba iṣẹ́ oko.

Orí rẹ kò ní dàrú. Ibi tí o bá na ọwọ́ dé, ire ni yóò bá a.

Èmi baba rẹ, Barnabé, tó fojú ara rẹ̀ rí i.