Iṣẹ́ Tí Màmá Rán Mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Láràárọ̀, mo máa ń gbé omi kaná, màá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìrì ara fèrèsé, màá sì mu tíì mi níbẹ̀ bí mo ṣe ń wo àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Lónìí, mo mú bírò dání. Mo kí Màmá, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Ikọ́ tèmi ti lọ.

Ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé nínú fóònù mi ló kọ lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ gbà ṣáájú. Ó dùn mọ́ mi. Màá sọ gbólóhùn kan, á sọ ọ́ di odindi ojú ìwé. Òun náà ló bá mi kọ̀wé sí olùkọ́ mi nígbà tí ojú ń tì mí, mi ò sì kábàámọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní kó sọ pé ara mi balẹ̀, ló bá fi kún un pé mo ti ní ọ̀rẹ́ rẹpẹtẹ, mo sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fèsì pé Màmá ní, "Ẹni tó ń sá wọ yàrá tí àlejò bá dé ló ti lọ́rẹ̀ẹ́ báyìí? Kó bá mi kí gbogbo wọn."

Mi ò rí ẹni tí màá kí.

Mo ti pa ọ̀rọ̀ mẹ́rin rẹ́ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n tèmi ni gbogbo èyí tó kù, àyà mi sì ti fúyẹ́. Ẹ kà á fún Màmá láìfo ibì kankan, kí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rínjú.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó máa ń dá jẹun. Lọ́la, màá jókòó tì í, màá sọ fún un pé màmá mi ní kí n kí i.

Àbúrò yín