Ṣòkòtò Tí Wọ́n Rán Fún Ìkíni

Old Trafford, Manchester.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2013.

Akínlóyè, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ṣé ara le? Tèmi le koko, bí o tilẹ̀ mọ ohun tí ojú mi rí: mo sun orí sìmẹ́ńtì ní Ardwick, mo fọ ṣáláńgá òyìnbó, wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka. Ìwé mẹ́fà gan-an, n kò kà á tán. Lónìí, orúkọ mi ló wà lára ọkọ̀ káńpìnnì ìmọ́tótó tó ń káàkiri Manchester. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí mo jẹ́!

O rántí Taehun, ọmọ Korea tí Olúwadùnsìn ọmọ mi fẹ́ fẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, jíǹsì tó fún mọ́ ọn nítan ló wọ̀, kò wólẹ̀, ó kàn mi orí sí mi lásán. Mo ní n kò fọ́mọ fún ẹni tí kò lè kí àgbà. Dùnsìn sunkún títí, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Àná ló padà wá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó wọ bàálù láti Korea. Wá wo aṣọ! Hanbok ni wọ́n ń pè é, aṣọ ìbílẹ̀ wọn ni. Ìyá wọ búlúù, ó gbé píńǹkì wá fún Fèyísọ́lá ìyàwó mi, kí àlejò lè fi àwọ̀ mọ ìyá ọkọ yàtọ̀ sí ìyá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣòkòtò Taehun wá fẹ̀ ju kẹ̀ǹbẹ̀ bàbá wa lọ. Mo ní, "Ìwọ àti ta lẹ jọ fẹ́ wọ̀ ọ́?" Ó ní, "Daddy, wọ́n rán an fẹ̀ kí èèyàn lè wólẹ̀ dáadáa níwájú àgbà ni."

Ló bá kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó fi iwájú orí lé e. Orí mi wú! Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Mo ní, "Ó kù díẹ̀, tún un ṣe!" Bó ṣe fẹ́ tún kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ figbe ta, ó fa ọmọ rẹ̀ lápá aṣọ. Mo rò pé mo ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́ nìyẹn. Dùnsìn pariwo: "Daddy, no! Ní Korea, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wólẹ̀ kí alààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ti òkú ni!"

Ha! Èmi fúnra mi ni mo fò dìde gbá ọmọ náà mú: "Ó ti tó, ọkọ ọmọ mi! N kò tíì ṣetán àtikú o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò jẹ́ kí wọ́n kí mi bí òkú, ẹbí mi ni. Mo ti fọ́mọ fún wọn, sọ fún gbogbo ilé.

Kí Olúwa dá ẹ sí, kó jẹ́ kí ìwọ náà rí àna tó ń bẹ̀rù rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré,
Ọlákúnlé.

Àfikún: Wọ́n gbé hanbok wá fún èmi náà. Lọ́jọ́ Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Fèyísọ́lá á wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àga iwájú pátápátá la máa jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in lójú mi, màá sọ irú ilé tí ọmọ mi ń lọ fún un.