Ẹ̀sùn Tí N Kò Fi Orúkọ Sí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Inú ń bí mi, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tí mo ń bínú sí.

Lẹ́yìn tí ẹ kú ni mo wọ ilé-iṣẹ́ aránṣọ kan nítòsí èbúté odò. Èmi nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. Obìnrin ni wọ́n kọ mí sí, ṣùgbọ́n ṣòkòtò tí ẹ rán fún mi ni mo ń wọ̀ lọ. Láti kékeré ni n kò ti rí ara mi bí obìnrin. Ṣé ẹ mọ̀? Nínú ìwé tí ẹ máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà yín sí, apá ọ̀tún ni ti àwọn ọkùnrin, apá òsì ni ti àwọn obìnrin. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ wọ̀n mí, ẹ yọ pẹ́ńsùlù létí yín, ẹ kọ orúkọ mi sápá ọ̀tún láìsọ nǹkan kan. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló yé yín ni, àbí apá òsì ló ti kún? Nígbà tí omi ya wọ ilé wa ní Òkpókò lọ́dún tó kọjá, ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé sókè, kí n tó rántí bàtà mi.

Ọ̀gá tó ń ṣàkóso wa kò jẹ́ kí n gbádùn. Lójú gbogbo èèyàn ni yóò ti máa bi mí ohun tó wà nínú ṣòkòtò mi. Lọ́jọ́ kan, ó fi tépù yí àyà mi ká, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí òun máa kọ mí sí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Nígbà tó yá, wọ́n lẹ òfin tuntun mọ́ ògiri, torí pé àwọn òyìnbó tó ń ra ọjà wa ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, tàbí kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe mọ ara rẹ̀ sí, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Wọ́n gbé àpótí ẹ̀sùn síbẹ̀. Wọ́n ní kò di dandan kí èèyàn kọ orúkọ. Mo gbà wọ́n gbọ́, òmùgọ̀ ni mí.

Mo kọ ẹ̀sùn mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, n kò fi orúkọ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àgbà láìkọ́kọ́ kí i. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú oòrùn, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó àtàwọn ọmọ wọn, mo tún dúpẹ́ ìrẹsì Kérésìmesì tí wọ́n fún wa, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tépù. Ìkíni nìkan gba ìdajì ìwé. Ọwọ́ ọ̀gá yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Ó ka ìwé náà sókè níwájú gbogbo wa, ó wò mí, ó ní: “Na only Yoruba person go greet finish before e report.”

Bí àwọn òyìnbó ṣe lọ tán, wọ́n yọ òfin náà kúrò lára ògiri. Wọ́n na síkẹ́ẹ̀tì sí mi, pé kí n wọ̀ ọ́ tàbí kí n máa lọ. Mo fi í sílẹ̀ lórí máṣíìnì mi.

Ẹ ó ti rí i pé n kò kí yín lókè lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ti búra pé n kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́ kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti parí lẹ́tà yìí láìkí yín, ọwọ́ mi kò gbà.

Ẹ kú àtijọ́, Bàbá mi.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí orúkọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún.