Àwọ̀ Pupa Lórí Òpópónà Wa

Yàrá kẹrin, àjà kejì,
Ilé tó dojú kọ ilé ìkàwé.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara yín le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń fi yín sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ara tèmi le, àfi pé ọkàn mi ń rìn kiri bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ máa ń sọ pé mò ń lajú sùn. Màmá ń kí yín o. Ojú wọn ń sàn bọ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mo rí sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú. Èsì ìkànìyàn ni mò ń kó jọ níbẹ̀: èèyàn mélòó ló ń sùn ní yàrá kan, ọ̀dọ́ mélòó ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Kọ̀ǹpútà á wá fi ṣírò ibi tó ṣeé ṣe kí olè àti jàǹdùkú pọ̀ sí, á sì kùn ún sórí àwòrán ìlú: àwọ̀ ewé fún ibi tó tòrò, pupa fún ibi tó léwu. Àwòrán náà rẹwà débi pé mo lè tẹjú mọ́ ọn títí iṣẹ́ á fi parí, bí ẹni ń wo ìkùukùu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òpópónà wa jáde ní pupa. Òpópónà tí a jọ dàgbà sí! Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, ní bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ò ní gba ibẹ̀ mọ́ láti oṣù tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn ni Màmá ń wọ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn ojú.

Mo tọrọ àyè, mo lọ síbẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ń dán bíi dígí, mo sì ń rìn bí ẹni tó wà lójú àlá. Bàbá aránṣọ tó máa ń rán yunifọ́ọ̀mù wa ti sùn lọ nídìí ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, aṣọ aláṣọ wà káàkiri. Mo rọra jí wọn, mo bi wọ́n bóyá olè ń jà ládùúgbò.

"Olè wo? Bí o bá rí ẹni tó fẹ́ jí ẹ̀rọ yìí gbé, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tètè wá. Ó ti sú mi."

Mo bi wọ́n nípa àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́. Wọ́n nawọ́ sí ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

"Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn, wọn ò tíì pé ọdún kan níbẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń sùn ní yàrá. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ráyè jalè? Ìwé ni wọ́n ń kà ṣáá."

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ka àwọn ọmọ náà mọ́ aláìníṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ròyìn fún ọ̀gá mi. Wọ́n wò mí. "Ṣé kì í ṣe torí pé ìyá rẹ ń gbé ibẹ̀?"

Mo ní torí wọn ni mo ṣe lọ, ṣùgbọ́n torí wọn kọ́ ni ìṣirò náà fi ṣìnà. A jọ yẹ ẹ̀sùn tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá wò. Láàárín ọdún mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló sọnù. Wọ́n wá ní kí bọ́ọ̀sì máa lọ.

Inú mi dùn títí mo fi padà jókòó. Òpópónà mọ́kànlá mìíràn ṣì pupa níwájú mi, n ò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Kò sí ọmọ ibẹ̀ lọ́fíìsì wa tó máa tọrọ àyè lọ wò ó. Mo bẹ ọ̀gá mi títí wọ́n fi yọ̀ǹda ọ̀sán gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún mi láti máa lọ wò wọ́n. Àná ni mo lọ sí àkọ́kọ́. N ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, mo kàn dúró síwájú ilé kan bí ẹni tó ṣìnà. Ìyá kan yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ta lò ń wá?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kí bàbá wọn dáadáa.

Èmi ni tiyín títí láé,
Àbíkẹ́yìn.